ỌKÀN NÍNÚ ÀPÓTÍ YÌNYÍN

Ohun tí ó yẹ kí ìdílé Kristẹni mọ̀ nípa ọkàn tí a gbà lára ẹni tí ó kú fún ẹni tí ó ń kú lọ

Bíbélì kíkà: Esekiẹli 36:24-28, Galatia 4:12-16, 1 Kọrinti 15:35-44

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé ìròyìn wa lónìí kì í ṣe èyí tí a máa ń gbọ́ lórí pẹpẹ. Ṣùgbọ́n ó ti kan ilẹ̀kùn àwọn kan nínú wa, yóò sì kan ti àwọn mìíràn. Ó ti kan ilẹ̀kùn tèmi náà, ó sì bá mi nínú àìmọ̀kan.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ní nǹkan bí aago kan òru, fóònù mi dún. Arábìnrin kan tí ó ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin wa kí ó tó lọ máa gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó ń pè. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ti já bọ́ láti orí àkàbà níbi iṣẹ́, ó sì fi orí gbálẹ̀. Ọjọ́ kẹta nìyẹn tí ẹ̀rọ ti ń bá a mí. Àwọn dókítà ti sọ fún un pé ọpọlọ àbúrò rẹ̀ ti kú pátápátá, pé ẹ̀rọ nìkan ni ó ń mú kí àyà rẹ̀ máa lọ sókè sódò. Nọ́ọ̀sì kan wá jókòó tì í, ó sì fi sùúrù bèèrè bóyá ìdílé yóò yọ̀ǹda ọkàn ọmọkùnrin náà fún ẹlòmíràn tí ọkàn tirẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́.

Arábìnrin náà ní, "Bàbá, kí ni kí n sọ fún wọn? Wọ́n ní kò sí àkókò púpọ̀."

N kò bèèrè nǹkan kan. N kò tilẹ̀ ní kí a gbàdúrà. Mo dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé, "Rárá o. Ẹ má gbà. Bí Jésù bá dé, kí ni yóò fi jí dìde?" Ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá." Ó sì lọ sọ fún wọn pé ìdílé kò gbà.

Nígbà tí wọ́n gbé òkú náà wálé fún ìsìnkú, ó wá rí mi ní ọ́fíìsì. Kò bínú. Ó kàn ṣí Bíbélì rẹ̀ sórí tábìlì mi, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ibi tí ó wà hàn mí, kí ọkàn mi lè balẹ̀." Mo wá a síwá, mo wá a sẹ́yìn, n kò rí i. Àwọn àgbà wa ní a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Èmi ti fi ìkánjú lá a, ẹnu ẹlòmíràn ni ó sì bó.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kàwé, tí mo sì ń bi àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì inú ìjọ wa léèrè. Ohun tí mo kọ́ ni mo fẹ́ fi yé yín, kí ẹlòmíràn má baà dáhùn ní aago kan òru bí mo ti dáhùn.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ CAPE TOWN

Ilẹ̀ Áfíríkà wa yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé ọkàn ènìyàn kan sínú àyà ènìyàn mìíràn. Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá ọdún 1967, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ń jẹ́ Denise Darvall, ẹni ọdún 25, bá àwọn ẹbí rẹ̀ jáde ní ìlú Cape Town, ní Gúúsù Áfíríkà. Wọ́n dúró lójú ọ̀nà kí òun àti ìyá rẹ̀ lè ra kéèkì. Bí wọ́n ti ń sọdá títì padà, ọkọ̀ kan gbá àwọn méjèèjì. Ìyá kú lójú ẹsẹ̀. Wọ́n gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn Groote Schuur, ṣùgbọ́n agbárí rẹ̀ ti fọ́, kò sì sí ohun tí dókítà lè ṣe mọ́.

Ní ilé ìwòsàn kan náà, ọkùnrin oníṣòwò kan tí ń jẹ́ Louis Washkansky wà lórí ibùsùn. Ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́ débi pé kò lè ti ẹ̀jẹ̀ kiri ara mọ́. Kò sí oògùn tí ó kù fún un.

Àwọn dókítà wá lọ bá Edward Darvall, bàbá Denise. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin òbí: ọkùnrin tí ó pàdánù aya rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ náà, tí wọ́n tún ń sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ kò ní yè, ni wọ́n ń tọrọ ọkàn ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ó rò ó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ó rántí kéèkì tí ọmọ náà ṣe fún un ní ọjọ́ ìbí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó sọ fún wọn pé bí wọn kò bá lè gba ọmọ òun là, kí wọ́n gbìyànjú láti gba ọkùnrin náà là.

Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá, Dókítà Christiaan Barnard àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ gbé ọkàn Denise sínú àyà Washkansky, ọkàn náà sì ń lù. Kíndìnrín Denise kan lọ sí ara ọmọkùnrin ọdún mẹ́wàá kan tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun, ní ìlú tí òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà kò gbà kí ọmọ náà àti Denise jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà.

Ọjọ́ 18 ni Washkansky lò, kí àrùn ẹ̀dọ̀fóró tó pa á. Oògùn tí wọ́n fún un kí ara rẹ̀ má baà kọ ọkàn àlejò náà ni ó sọ ara rẹ̀ di aláìlágbára láti bá àrùn jà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ti ṣí. Ẹni kejì tí Barnard ṣe fún, Philip Blaiberg, ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1968, lo ju ọdún kan ààbọ̀ lọ. Nígbà tí oògùn cyclosporine wá di èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 1983, àwọn tí ń gba ọkàn bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ láyé. Lónìí, ó ju ìdajì wọn lọ tí ń lo ju ọdún mẹ́wàá lọ.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan nínú ìtàn yìí. Inú ilé ìwòsàn kan náà ni Denise àti Washkansky wà. Láti yàrá kan sí yàrá kejì ni wọ́n gbé ọkàn náà. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó kú bá wà ní ìlú kan, tí ẹni tí ó ń kú lọ sì wà ní ìlú mìíràn ńkọ́? Ibẹ̀ ni àpótí ti wọlé.

KÍ NÌDÍ TÍ WỌ́N FI NÍ KÒ SÍ ÀKÓKÒ?

Nígbà tí nọ́ọ̀sì yẹn ní kò sí àkókò púpọ̀, mo rò pé ó kàn fẹ́ kán arábìnrin wa lójú ni. Òtítọ́ ni ó ń sọ. Láàárín ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá dáwọ́ dúró nínú ọkàn àti ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn yóò tún wọ inú rẹ̀, nǹkan bí wákàtí mẹ́rin péré ni àwọn dókítà ń fẹ́ kí ó jẹ́, bí ó bá jẹ́ inú yìnyín ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí. Kíndìnrín lè dúró fún ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀dọ̀ lè tó wákàtí 12. Ọkàn kò lè ní irú sùúrù yẹn, nítorí òun ni kò sinmi rí láti inú oyún.

Nínú wákàtí mẹ́rin náà ni wọ́n ti máa gé e jáde, tí wọn yóò gbé e rìn, tí wọn yóò sì rán an mọ́ àyà ẹlòmíràn. Rírán nìkan lè gbà tó wákàtí kan. Ìrìn wá ku wákàtí méjì sí mẹ́ta. Ẹni tí ó bá ti bá sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ pàdé lọ́nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì yóò mọ̀ pé wákàtí mẹ́rin kì í ṣe nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo bàálù kékeré àti hẹlikópítà, tí ọlọ́pàá sì ń la ọ̀nà fún ọkọ̀ tí ó gbé ọkàn.

Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí. Àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ yóò rin ìrìn àjò lọ sí ibi tí ẹni tí ó kú wà. Wọ́n ti yẹ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n sì ti wo bí ó ti tóbi tó, nítorí ọkàn ọmọ kékeré kò lè gbé ara géńdé. Wọn yóò ṣí àyà, wọn yóò fi ojú àti ọwọ́ yẹ ọkàn náà wò. Bí ó bá dára, wọn yóò pe ilé ìwòsàn kejì lórí fóònù pé kí wọ́n gbé ẹni tí yóò gbà á wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yóò máa pe ara wọn títí iṣẹ́ yóò fi parí, kí ọkàn má baà dé kí àyà má tíì ṣetán.

Wọn yóò fún un ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò fi irin há òpó iṣan ńlá tí ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti inú ọkàn, wọn yóò sì da omi oògùn tútù tí ó ní èròjà pòtásíọ̀mù sínú àwọn iṣan tí ó ń bọ́ ọkàn fúnra rẹ̀. Láìpẹ́, ọkàn yóò dákẹ́ jẹ́ẹ́. Àwọn ni wọ́n mú un dákẹ́ kí ó tó lo agbára tí ó kù nínú rẹ̀ tán. Láti ìṣẹ́jú yẹn ni aago ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Wọn yóò gbé e sínú àpò mímọ́ tónítóní tí ó kún fún omi tútù, wọn yóò tún fi àpò mìíràn bò ó, àti òmíràn, kí wọ́n tó gbé e sínú kúlà tí yìnyín wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, kúlà! Irú èyí tí àwọn ìyá wa ń kó omi tútù sí nígbà ayẹyẹ ni ó ti gbé ọkàn ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Kí ni òtútù ń ṣe? Bí ara bá ti ń tutù sí i ni iṣẹ́ inú rẹ̀ ń dín kù. Bí ó bá fi ìwọ̀n Celsius mẹ́wàá tutù, iṣẹ́ náà á dín kù ní nǹkan bí ìdajì. Ara wa wà ní ìwọ̀n 37. Bí ọkàn bá tutù dé ìwọ̀n mẹ́rin, oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ tí yóò máa lò kò ní ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Dókítà Norman Shumway àti Richard Lower ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Stanford ní Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ọkàn ajá ṣe ìwádìí yìí ní ìparí àwọn ọdún 1950, wọ́n fi omi iyọ̀ tútù tọ́jú rẹ̀, ó sì tún lù nínú ajá mìíràn.

Ẹnì kan lè wí pé, "Bí òtútù bá dára, èéṣe tí wọn kò fi gbé e sínú fírísà kí ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀?" Ẹ̀yin ìyá ni ẹ mọ ìdáhùn. Ẹ ti gbé tòmátì tútù sínú fírísà rí. Nígbà tí ẹ gbé e jáde tí ó yọ́, ṣé ó ṣì le bí ó ti le tẹ́lẹ̀? Ó ti rọ̀, omi ti ń jáde lára rẹ̀. Omi inú rẹ̀ ni ó dì, tí ó sì gún un fọ́ láti inú. Bẹ́ẹ̀ ni ẹran ọkàn yóò rí. Kódà bí yìnyín bá kan án tààrà, ibi tí ó kàn lè bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí àpò fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí àwọn ilé ìwòsàn kan sì ti ń fi àpótí tí kì í jẹ́ kí òtútù rẹ̀ kọjá ààlà rọ́pò kúlà. Ohun tí a bá fẹ́sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Nígbà tí wọ́n bá rán ọkàn náà tán, wọn yóò tú irin tí ó há òpó iṣan sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ gbígbóná á wọlé. Nígbà mìíràn ọkàn á kọ́kọ́ máa gbọ̀n, wọn a sì fi iná mànàmáná díẹ̀ ta á jí. Nígbà mìíràn ẹwẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lù, láìsí ẹni tí ó pàṣẹ fún un. Dókítà kan nínú ìjọ wa tí ó ti wà níbẹ̀ rí sọ fún mi pé gbogbo yàrá ló máa ń dákẹ́ ní ìṣẹ́jú yẹn.

ÀPÓTÍ TUNTUN

Ìmọ̀ ti ń pọ̀ sí i. Ilé iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ TransMedics ní Amẹ́ríkà ṣe àpótí kan tí kò lo yìnyín rárá. Ẹ̀jẹ̀ gbígbóná tí ó ní afẹ́fẹ́ nínú ni ẹ̀rọ inú àpótí náà ń tì wọ inú ọkàn, ọkàn sì ń lù lójú ọ̀nà, láìsí àyà, láìsí ara. Àwọn dókítà lè yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò kí wọ́n mọ̀ bóyá ara ọkàn le. Ní ọdún 2014, àwọn dókítà ilé ìwòsàn St Vincent's ní Sydney, ní Ọsirélíà, fi irú àpótí yìí jí ọkàn tí ó ti dákẹ́ fúnra rẹ̀ nínú àyà ẹni tí ó kú, wọ́n sì gbé e fún ẹlòmíràn. Ilé ìwòsàn Papworth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe é ní ọdún 2015. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àpótí náà ní ọdún 2021.

Ọ̀nà mìíràn wá láti ilẹ̀ Swídìn, láti ọwọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n Stig Steen ní ìlú Lund. Nínú àpótí tirẹ̀, ọkàn kò lù, ó ń sinmi ní ìwọ̀n òtútù mẹ́jọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ń rọra ti omi oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ gba inú iṣan rẹ̀. Ní ọdún 2024, àwọn dókítà ilé ìwòsàn Pitié-Salpêtrière ní Paris ròyìn pé ọkàn kan tí wọ́n gbà ní àwọn erékùṣù Faransé ní òkun Karibéánì la òkun ńlá já nínú irú àpótí yìí, nínú bàálù tí àwọn èrò wọ̀, ó lo wákàtí 12, ó sì ṣiṣẹ́ nínú ẹni tí ó gbà á. Tẹ́lẹ̀, irú ọkàn bẹ́ẹ̀ kò lè dé Paris. Wọn ìbá kàn sin ín mọ́ olówó rẹ̀ ni.

Ẹ̀rọ wọ̀nyí wọ́n owó gidigidi, àwọn tí ó mọ̀ wọ́n lò kò sì pọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, kúlà àti yìnyín ni wọ́n ṣì ń lò.

ṢÉ ỌKÀN YÌÍ NI BÍBÉLÌ Ń SỌ?

Níbí ni ẹ̀rù ti ń ba ọ̀pọ̀ nínú wa, èdè wa sì ni ó fà á. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ọkàn, fún ẹran tí ń lù nínú àyà, fún inú tí a fi ń rò, àti fún ohun tí yóò dúró níwájú Ọlọ́run. A ń sọ pé ọkàn mi bàjẹ́, ọkàn mi balẹ̀, ọkàn rẹ̀ le. Nítorí náà, bí a bá gbọ́ pé wọ́n pààrọ̀ ọkàn lágbájá, a ó máa bi ara wa pé ta ni ó wá jí lórí ibùsùn. Ṣé ẹni tí ó mọ Jésù ni? Ṣé ọkàn ẹlẹ́ṣẹ̀ ni wọ́n kì bọ onígbàgbọ́ láyà?

Ẹni tí ó sùn náà ni ó jí. Ó mọ aya rẹ̀, ó mọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, kò gbàgbé ẹsẹ Bíbélì tí ó kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Ọkàn ẹran tí ó gbà kò mú ìrántí kankan wá. Àwọn okùn tí ọpọlọ fi ń bá ọkàn sọ̀rọ̀ ti gé nígbà iṣẹ́ abẹ, nítorí náà ọkàn tuntun náà ń fi aago tirẹ̀ lù, ó sì máa ń yára ju tiwa lọ nígbà tí a bá jókòó jẹ́ẹ́. Bí ẹ̀rù bá ba ẹni náà, ọkàn rẹ̀ kì í fò lójú ẹsẹ̀ bíi tiwa. Yóò dúró díẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi gbé iṣẹ́ náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ rí i pé ìbẹ̀rù ti wà nínú ẹni náà kí ọkàn ẹran tó gbọ́. Ibi tí à ń bẹ̀rù, tí à ń fẹ́ràn, tí à ń ronú pìwà dà, kì í ṣe inú ẹran yẹn.

Nígbà tí Ọlọ́run ṣèlérí lẹ́nu Esekiẹli pé òun yóò mú ọkàn òkúta kúrò, òun yóò sì fi ọkàn ẹran dípò rẹ̀, kò sọ̀rọ̀ nípa abẹ. Ọkàn inú ni ó ń sọ. Abẹ ènìyàn kò lè dé ibẹ̀, kò lè mú un kúrò, kò sì lè fi ẹ̀ṣẹ̀ kún un.

ÌBÉÈRÈ TÍ ÀWỌN ARÁ MÁA Ń BÉÈRÈ

"Kí ni yóò jí dìde?" Ìbéèrè tèmi nìyí. Àwọn ará wa tí iná ọkọ̀ epo jó di eérú lójú ọ̀nà ńkọ́? Àwọn tí ẹja jẹ nínú òkun ńkọ́? Ìfihàn 20:13 sọ pé òkun yóò jọ̀wọ́ àwọn òkú rẹ̀. Pọ́ọ̀lù sì fi yé wa nínú 1 Kọrinti 15 pé irúgbìn ni ara tí a gbìn, pé ohun tí Ọlọ́run yóò fún wa yàtọ̀ sí èyí tí a sin. Ẹni tí ó dá wa láti inú erùpẹ̀ kò nílò pé kí a tọ́jú ẹran pa mọ́ fún un.

"Ṣé wọn kì í pa ènìyàn kí wọ́n lè gba ọkàn rẹ̀?" Ó yẹ kí a bèèrè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n tó sọ pé ọpọlọ ti kú, dókítà méjì tí wọ́n ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni yóò yẹ ẹni náà wò, ẹ̀ẹ̀mejì. Wọn yóò tan iná sí ẹyinjú, wọn yóò da omi tútù sí etí, wọn yóò yọ ẹ̀rọ díẹ̀ láti mọ̀ bóyá yóò mí fúnra rẹ̀. Àwọn dókítà wọ̀nyí kò gbọdọ̀ jẹ́ ara àwọn tí yóò gbé ọkàn náà fún ẹlòmíràn. Ìdílé ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè àlàyé títí yóò fi yé wọn.

"Ṣé kò jọ ti àwọn tí ń fi ẹ̀yà ara ènìyàn ṣòwò?" Ẹ má fi méjèèjì wé ara wọn. Òfin ìlera ilẹ̀ wa ti ọdún 2014 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti gba owó lórí ẹ̀yà ara ènìyàn. Ní ọdún 2023, ilé ẹjọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù dá olóṣèlú ńlá kan láti Nàìjíríà lẹ́bi pé ó lọ́wọ́ nínú ètò àtigba kíndìnrín ọ̀dọ́mọkùnrin kan, wọ́n sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ẹ̀bùn tí a fi ìfẹ́ yọ̀ǹda yàtọ̀ sí ohun tí a fi owó tàn lọ́wọ́ tálákà.

"Ṣé kì í ṣe àìnígbàgbọ́ ni kí Kristẹni gba ọkàn ẹlòmíràn?" Mo gbà pé Ọlọ́run ń wo àìsàn sàn. Mo ti rí i. Ṣùgbọ́n Lúùkù olùfẹ́ jẹ́ oníṣègùn, Pọ́ọ̀lù kò sì ní kí ó jáwọ́. Ẹni tí ó gbàdúrà tí ó sì gba ìtọ́jú kò sẹ́ Olúwa rẹ̀.

"Ṣé dandan ni kí a yọ̀ǹda?" Rárá. N kò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Pọ́ọ̀lù jẹ́rìí àwọn ará Galatia pé, bí ó bá ṣeé ṣe, wọn ìbá yọ ojú ara wọn fún òun (Gal. 4:15). Ìfẹ́ ni, kò sì sí ẹni tí ó fi ipá mú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ náà nílé kí ọjọ́ burúkú tó dé. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2020, òfin ilẹ̀ England gbà pé àgbàlagbà fẹ́ yọ̀ǹda àyàfi tí ó bá ti sọ pé òun kò fẹ́, wọ́n sì ṣì ń bi ìdílé léèrè. Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà lókè òkun, ẹ bi wọ́n ní ohun tí ó wà lọ́kàn wọn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Ohun tí ó ń ba ọkàn jẹ́ jù lọ láàárín wa ni ẹ̀jẹ̀ ríru, tí a kò tètè mọ̀ tàbí tí a kò lo oògùn rẹ̀. Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Ẹ dín iyọ̀ kù. Abiyamọ tuntun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, tí kò lè mí dáadáa bí ó bá dùbúlẹ̀, ẹ má sọ fún un pé àárẹ̀ ìbímọ lásán ni; ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

MO PÈ É PADÀ

Lẹ́yìn tí mo ti kẹ́kọ̀ọ́ gbogbo èyí, mo pe arábìnrin wa ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo sọ fún un pé mo fi èrò ti ara mi dá a lóhùn, mo sì pè é ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó dárí jì mí. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Bàbá, mo ti dárí jì yín tipẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá tún pè yín, ẹ kọ́kọ́ ní kí ó jókòó, kí ẹ sì bèèrè ohun tí àbúrò rẹ̀ ìbá fẹ́."

N kò mọ ẹni tí ìbá gba ọkàn yẹn. N kò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, bóyá ó ní ọmọ. Mo kàn mọ̀ pé ó wà, pé ó ń retí ní ibùsùn kan, àti pé àpótí kò dé. Mo ń gbàdúrà fún ìdílé rẹ̀ títí di òní.

ỌKÀN TÍ KÒ NÍLÒ YÌNYÍN

Ìwọ tí ń ka ìwé yìí, bóyá ọkàn ẹran tìrẹ le koko, tí ọkàn inú sì ti di òkúta. Ọkàn tuntun kan wà fún ọ. Olùfúnni náà kú, ṣùgbọ́n ó jí dìde. Kò sí pé irú ẹ̀jẹ̀ rẹ bá tirẹ̀ mu tàbí kò bá a mu, nítorí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá gbogbo ènìyàn mu. Kò béèrè owó. Edward Darvall rò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́rin kí ó tó yọ̀ǹda ọmọ tí ó ti kú. Bàbá wa ọ̀run yọ̀ǹda Ọmọ rẹ̀ láàyè, nígbà tí àwa ṣì jẹ́ ọ̀tá.

Ohun kan ṣoṣo ni ó jọra: àkókò kò pọ̀. Ẹni tí ó ní òun yóò rò ó di ọ̀la kò mọ̀ bóyá ọ̀la wà nínú àpótí tirẹ̀. Bí o bá fẹ́, kúnlẹ̀ níbi tí o wà, kí o sì bá mi gbàdúrà báyìí:

Jésù Olúwa, mo mọ̀ pé ọkàn mi ti le. N kò lè tún un ṣe fúnra mi. Mú un kúrò, kí o sì fún mi ní tuntun. Jẹ́ kí n máa fi ọkàn náà fẹ́ràn rẹ, kí n sì máa fi fẹ́ràn ọmọnìkejì mi, nínú ìyè àti nínú ikú. Ní orúkọ rẹ ni mo gbàdúrà. Àmín.

FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ ÌDÍLÉ

1. Kí ni Edward Darvall rántí kí ó tó dáhùn? Kí ni ìwọ ìbá rántí?

2. Ẹ ka 1 Kọrinti 15:35-44. Kí ni irúgbìn kọ́ wa nípa ara tí a sin?

3. Ǹjẹ́ ọkọ mọ ohun tí aya ń fẹ́, tí òbí sì mọ ohun tí ọmọ ń fẹ́, bí irú ìbéèrè yìí bá dé? Ẹ sọ ọ́ fún ara yín ní alẹ́ òní.

4. Nígbà wo ni olúkúlùkù nínú ilé yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kẹ́yìn?